Òfin Ògúntúndé

Lọ́jọ́ tí wọ́n yan Elkanah Ògúntúndé sípò alága ẹgbẹ́ òṣèlú Àjùmọ̀ṣe ní gbogbo Kòsọ́fẹ́, kò sẹ́ni tó bá a du ipò náà. Alága tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti bá ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lọ. Èyí tó ṣáájú ẹni yẹn náà ti gba ọ̀nà kan náà lọ. Àwọn tó ṣẹ́kù wo ara wọn lójú títí, kí ojú wọn tó balẹ̀ sára Ògúntúndé, ẹni tó dá agbádá wọ̀ wá síbi tí gbogbo èèyàn ti wọ bùbá lásán. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Wọ́n nawọ́. Wọ́n ní kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn náà nawọ́. Ọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n omi ló ní kí wọ́n fún òun.

Kì í ṣe báyìí ni Ògúntúndé ròyìn rẹ̀ nígbà tó délé. Ó sọ fún Mojísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, pé òun wọlé láìsí alátakò, ó sì fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí ẹni pé àwọn alátakò kúkú wá, pé nígbà tí wọ́n fojú kan òun ni wọ́n padà sílé wọn.

"Ẹ kú oríire, Daddy Ìbùkún," Mojísọ́lá wí. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Kí wá ni iṣẹ́ ibẹ̀?"

"Iṣẹ́ bíi ti báwo? Èmi ni olórí alátakò láti Kétu títí dé Mile 12, títí dé Ògùdù!"

"Mo gbọ́. Mo ní kí lẹ ó máa ṣe níbẹ̀."

Ògúntúndé ronú díẹ̀. "A ó máa ta kò wọ́n ni."

"Ó dáa. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dí ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà lọ́wọ́ o. Wọ́n ti wá bèèrè yín, mi ò tíì rí ẹ̀wà yìí ṣà tán nítorí ilẹ̀kùn tí mo ń ṣí."

Ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe ará òpópó wa mọ̀ pé alága ni Ògúntúndé kó tó di alága. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé ní òpópó wa, lápá Ìkòsì. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ó ní ìsọ̀ ńlá kan ní Kétu níbi tó ti ń ta táìsì àti páìpù, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan lọ́dọ̀ wa tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ra àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń jókòó lé láràárọ̀. Bí tiransifọ́mà bá bú gbàù, òun la ń pè. Bí ayálégbé bá ní òun ò ní kó jáde, òun ló ń lọ fi ẹnu tútù bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí a rí géètì tí àwọn ará Magodo fi dí òpópó wọn, àwa náà ṣe tiwa. Tiwọn ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wọ aṣọ kan náà. Tiwa ní Bàbá Jayé, tó máa ń tòògbé. Ṣùgbọ́n géètì ni géètì, ọwọ́ Ògúntúndé sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, lẹ́yìn tí a bá ti kó ìdọ̀tí gọ́tà tán, la máa ń ṣe ìpàdé onílé nínú ọgbà Mummy Faridah, akọ̀wé wa, ìyá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ àgbà. Bí a ṣe kọ́lé tẹ̀ léra la ṣe ń jókòó. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé wà níwájú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé tí kò tíì kun ọ̀dà wà lẹ́yìn pátápátá, ì báà jẹ́ dókítà, ì báà jẹ́ pásítọ̀. Àga rọ́bà tí kò lápá ni gbogbo wa ń jókòó lé. Ẹyọ kan ṣoṣo tó lápá ni ti alága. Ògúntúndé fẹ́ràn àga yẹn. Bó bá ń sọ̀rọ̀, a máa fi ọwọ́ méjèèjì pa apá rẹ̀ lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára.

Alájì Muideen, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ní àwọn típà tó ń kó iyanrìn, ló jókòó lórí àga náà ṣáájú rẹ̀. Nígbà náà, Alájì tún jẹ́ alága wọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. Kò ṣe wá níbi, ṣùgbọ́n a máa pẹ́ dé ìpàdé, bó bá sì dé, a máa pe òpópó wa ní "wọ́ọ̀dù mi". Ògúntúndé ló dìde lọ́jọ́ kan tó ní kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ onílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, pé òkùnkùn kì í bèèrè ẹgbẹ́ tí èèyàn wà kó tó bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ibẹ̀ ló ti dá òfin: ẹni tó bá di ipò mú nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, tàbí tó ń du ipò lórúkọ ẹgbẹ́, kò gbọdọ̀ jókòó lórí àga àwọn onílé. A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Alájì ká ìwé ìròyìn tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ jókòó sí ìlà kejì níbi tí ọjọ́ orí ilé rẹ̀ gbé e sí. Kò bínú. Iyanrìn ló ń tà. Ọjà tí kì í bàjẹ́ nílẹ̀ ti kọ́ ọ ní sùúrù.

Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é ní Òfin Ògúntúndé. Orúkọ náà dùn mọ́ onítọ̀hún nínú.

Ta wá ni kò rántí òfin náà lọ́jọ́ tó di alága ẹgbẹ́ òṣèlú? Ògúntúndé ni. Kì í ṣe pé ó gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó lè kà á lórí láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, Alájì Muideen la ṣe òfin náà fún, bíi bàtà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹnìkan wọ̀n. Àwa tó kù rántí. A ò sọ nǹkan kan. A ní kí a fún un láyè ná, bóyá yóò rántí fúnra rẹ̀.

Kò rántí. Báńà ló gbé jáde. Ọ̀kan wà lẹ́nu géètì wa, ọ̀kan wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ìkẹta wà níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń já èrò ní Kétu. Àwòrán rẹ̀ wà lápá kan, ó ń na ìka sókè bí ẹni ń fi ibi tí òjò ti ń jò han bíríkìlà. Wọ́n kọ ọ́ sí apá kejì, lábẹ́ orúkọ àti àmì ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ṣe, pé: "A KÍ ALÁGA WA KÚ ORÍIRE. Láti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìkòsì." Nígbà tí a bi àwọn ọ̀dọ́ wa, wọ́n ní bí àwa ṣe rí i lójijì làwọn náà ṣe rí i.

Kò pẹ́ tí Ọnárébù Débọ́lá fi wá kí i ní ìsọ̀. Inú GRA Ògùdù ni Débọ́lá ń gbé. Òun ló ń bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ṣe wá àwọn tó máa dupò kiri ìpínlẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún, kò sì tíì wọlé ìbò kankan rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pè é ní Ọnárébù tipẹ́, òun náà sì ti ń jẹ́ ẹ.

"Daddy, àwọn àgbà ń wò yín o," ó wí.

Ògúntúndé tún fìlà rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé àwọn àgbà wà lẹ́yìn páìpù. "Kí ni wọ́n rí?"

"Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni mo ń bá yín sọ. Tíkẹ́ẹ̀tì Kòsọ́fẹ́. Ẹ jẹ́ n bá yín sọ òótọ́, sà: báńà ò wúlò fún wa. Kò sẹ́ni tí kò ní báńà. Ẹni tó bá ní èèyàn lẹ́yìn là ń wá, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ní kí òpópó òun jáde, òpópó á jáde."

"Ọnárébù, èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́ òpópó mi. Kọ́kọ́rọ́ gidi ni mo ń wí o, òun nìyí."

Débọ́lá wo kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni ń wo ìwé ẹ̀rí. "Irú yín gan-an là ń wá, Daddy. Ẹ jẹ́ n wá fojú ara mi rí wọn."

"Sátidé tó ń bọ̀ la ní ìpàdé."

Ògúntúndé délé, kò lè jẹun. Ó sọ fún Mojísọ́lá pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ fẹ́ rán òun lọ sílé aṣòfin.

"Ilé aṣòfin?" Mojísọ́lá wí. "Èyí tí ẹ ṣe sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí ńkọ́?"

"Èwo?"

"Òfin."

"Mojí, ọ̀rọ̀ ìlú ni mò ń bá ẹ sọ."

Ó bọ́ sórí bálíkónì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé tó wà lópòópó bí ẹni ń ka ìbò.

Sátidé pé. A kó ìdọ̀tí gọ́tà tán, a wẹ ọwọ́, a sì jókòó bí a ṣe kọ́lé. Ọkọ̀ Ọnárébù Débọ́lá wọlé. Bàbá Jayé, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún láti àná, kí àlejò bíi sójà. Ògúntúndé fà á lọ́wọ́ wọ inú ọgbà, ó mú un gba iwájú gbogbo wa kọjá, ó sì fi í jókòó lórí àga tó lápá. Òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá tó kọ́kọ́ kọ́lé ládùúgbò wa, tó jẹ́ pé igbó ló bá níbẹ̀, yí ojú sí Mummy Faridah. "Akọ̀wé, ọdún wo nìyẹn kọ́lé tiẹ̀?"

"Àlejò ni, Bàbá," Mummy Faridah wí.

"Àlejò a máa jókòó lórí àga alága?"

Ògúntúndé gbé ohùn sókè kí ọ̀rọ̀ náà má baà gbilẹ̀. Ó kí wa kú iṣẹ́ gọ́tà. Ó ní ọjọ́ ńlá lọjọ́ òní jẹ́ fún òpópó wa. Ó ní láìpẹ́ yìí, tí ẹnikẹ́ni bá dé ilé aṣòfin tó bèèrè ta ló ń gbé ní Ìkòsì, wọn yóò dáhùn. Ó ní kí a jẹ́ kí àlejò wa rí i pé àwa àti òun, ọ̀kan ni wá.

Alájì Muideen nawọ́ láti ìlà kejì.

"Chairman, ẹ ṣeun. Mo kí àlejò wa, ẹ káàbọ̀ sà. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Lọ́jọ́ tí mo dìde lórí àga tí wọ́n jókòó lé yẹn, ẹ pa òwe kan. Ó dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Mo wá gbàgbé rẹ̀. Báwo lẹ ṣe pa á?"

 Ògúntúndé ń wo Alájì. Mummy Faridah fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe olùkọ́, kò lè rí ìbéèrè nílẹ̀ kó má dáhùn.

"Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo," ó wí.

"Òun náà ni! Ẹ ṣé, Mummy. Mo kàn fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ mi ni." Alájì jókòó.

"Alájì, ìyẹn yàtọ̀," Ògúntúndé wí. Òógùn ti ń ṣẹ́ sábẹ́ fìlà rẹ̀. "Ẹ̀yin wà nínú ìjọba nígbà náà. Ẹ di nǹkan mú. Alátakò làwa. Kí la dì mú? A ò di nǹkan kan mú!"

Ọnárébù Débọ́lá húkọ́.

"Alága," Mummy Faridah wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "gbogbo ẹgbẹ́ ni òfin náà kàn. Èmi ni mo ní kí a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin lẹ ní rárá, ẹ ní kí a dè é pinpin, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi gbà jáde."

"Ó dè é dáadáa," ẹnìkan wí lẹ́yìn.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá di ti Ògúntúndé nìkan. Bó bá ní òun yóò fi ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, ilé aṣòfin ti lọ nìyẹn, lójú Ọnárébù tó jókòó síbẹ̀. Bó bá sì ní òun yóò fi àga onílé sílẹ̀, àga náà lọ. Ó wo àga. Ó wo Ọnárébù tó wà lórí rẹ̀. Ọnárébù ń wo fóònù.

Ògúntúndé ká apá agbádá lé èjìká. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó ní ẹni tí ìlú bá ń pè kò ní fi etí sí òpópó nìkan. Ó ní bàbá gbogbo wa lòun yóò ṣì máa jẹ́, àní láti ilé aṣòfin pàápàá. Ó wá yọ kọ́kọ́rọ́ géètì lápò, ó gbé e síwájú Mummy Faridah. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé a pa á pọ̀ jù.

Mummy Faridah ní kí a má fi òpópó sílẹ̀ láìní olórí. Ẹnìkan dá orúkọ Alájì Muideen. Ògúntúndé ní kò ṣeé ṣe, pé olóṣèlú ni.

"Wọ́n ti gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi tipẹ́," Alájì wí. "Ọmọ ẹgbẹ́ lásán ni mí báyìí. Ẹ lè bi wọ́n."

A nawọ́ fún un. Ohun tó kàn ni kí ó jókòó, ṣùgbọ́n àlejò ṣì wà lórí àga. Ọnárébù Débọ́lá dìde wéré, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu àga náà fún Alájì. Àwọn kan nínú wa kíyè sí bó ṣe nu ún. Ògúntúndé kò kíyè sí i, ó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Ìlà kẹrin ni ilé tirẹ̀ bọ́ sí.

Lẹ́yìn èyí, ìgbésí ayé olórí alátakò bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ṣe ní yàrá kan lókè ilé kan ní Kétu. Ògúntúndé ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń jókòó, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ ta ko ìjọba: lórí ọ̀nà, lórí iná, lórí gọ́tà Mile 12. Ó máa ń fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn onílé. Lọ́jọ́ tó kọ èyí tó gùn jù lọ, tó fi gbogbo àárọ̀ kọ, èsì kan ṣoṣo ló dé: "Chairman, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní nọ́ńbà Alájì Muideen? Tiransifọ́mà ti tún bú."

Alájì ń ṣe dáadáa. Ó fi ọ̀kan nínú típà rẹ̀ kó ìdọ̀tí gọ́tà tó ti ga bí òkè lẹ́nu ilé wa. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kì í fọwọ́ pa apá àga lára.

Sátidé ìmọ́tótó kan, Ògúntúndé ti ìpàdé ẹgbẹ́ dé, ó bá géètì ní títì, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló fi lélẹ̀ pé kí wọ́n máa tì í títí a ó fi kó gọ́tà tán. Ó lu irin.

"Ta nìyẹn?" Bàbá Jayé bèèrè, láìdìde.

"Chairman ni."

"Irọ́ lẹ pa. Chairman wà níbi gọ́tà, mò ń wò wọ́n báyìí."

Ó dúró lóòrùn tòun tagbádá títí a fi kó gọ́tà tán. Báńà rẹ̀ wà lókè orí rẹ̀ níbẹ̀, ó ń na ìka sókè.

Ṣùgbọ́n ó fara dà á. Gbogbo rẹ̀ ni yóò dópin lọ́jọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì bá dé, bó ṣe sọ fún Mojísọ́lá. Ó ti dá aṣọ tó máa fi búra sílẹ̀. Kò tíì pinnu bóyá fìlà rẹ̀ yóò ṣubú sí apá òsì tàbí apá ọ̀tún.

Nígbà tí àsìkò yíyan olùdíje tó, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba gbé tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn fún ẹnìkan tí a ò mọ ilé rẹ̀. Alájì Muideen ti fojú sí i, inú rẹ̀ kò dùn, ó sì sọ ọ́ níbi tí etí pọ̀ sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ Ọnárébù Débọ́lá wọ òpópó wa. Ògúntúndé rí i láti orí bálíkónì. Ó sáré wọ agbádá. Nígbà tó fi padà jáde, ọkọ̀ náà ti kọjá ilé rẹ̀, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà Alájì.

"Ó ṣì ilé ni," Ògúntúndé wí.

Mojísọ́lá wọlé lọ sí kíṣìnnì.

Ọnárébù pẹ́ ní ilé tó ṣì náà. Ìgbà tó jáde níbẹ̀ ló tó wá sílé Ògúntúndé.

"Daddy, oríire ti dé bá ẹgbẹ́ wa!" Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. "Alájì Muideen ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òun la máa fà kalẹ̀ fún Kòsọ́fẹ́. Ọjọ́bọ̀ la ó gbà á wọlé ní gbọ̀ngàn kan ní Kétu, ẹ̀yin lẹ ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè."

Ògúntúndé jókòó. "Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ni alága, sà. Àwòrán yín ló máa wà láàárín."

"Ọnárébù, ẹ sọ fún mi ní ìsọ̀ mi pé ẹni tó bá ní òpópó lẹ́yìn lẹ̀ ń wá."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, Daddy." Débọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀, kì í ṣe ọmọ burúkú. "Ta ni òpópó wà lẹ́yìn rẹ̀ báyìí?"

Nígbà tó lọ tán, Mojísọ́lá gbé omi wá. Ògúntúndé kò mu ún. Agbádá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Muideen ni wọ́n fún," ó wí.

"Mo gbọ́ láti kíṣìnnì." Mojísọ́lá jókòó tì í. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ó dùn mí fún yín. Òótọ́ ni." Ó sún omi náà mọ́ ọn. "Ta ló máa wá ṣe alága onílé fún wa?"

Ó sọ ọ́ láìní nǹkan kan nínú ni, bí èèyàn ṣe ń bèèrè ẹni tó máa fọ abọ́. Ṣùgbọ́n Ògúntúndé yíjú sí i, ó wò ó gan-an. Ó wá fóònù lápò ọ̀tún, ó wá a lápò òsì, ó sì bá a nínú fìlà.

"Mummy Faridah, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Òfin mi yẹn, ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, Bàbá Ìbùkún."

"Ẹni tó bá ń du ipò, ó kàn án?"

"Ẹ̀yin lẹ fi ìyẹn sí i."

"Mo mọ̀ pé mo fi í sí i!" Ògúntúndé wí, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Mojísọ́lá gbé omi náà, ó sì mu ún fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, gbọ̀ngàn kún. Àwọn onífọ́tò to ara wọn síwájú. Ọnárébù Débọ́lá sọ̀rọ̀ títí, ó pe Alájì ní ìràwọ̀ Kòsọ́fẹ́, ó sì ní kí alága ẹgbẹ́ wá ṣe ojúṣe rẹ̀. Ògúntúndé bọ́ síwájú, ó di ọwọ́ Alájì Muideen mú, ó sì gbé e sókè. Àwọn èèyàn hó. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín fún àwọn onífọ́tò.

"Alájì, ẹ kú oríire," Ògúntúndé wí láàárín eyín. "Kọ́kọ́rọ́ géètì dà?"

"Ó wà lápò mi," Alájì wí láàárín eyín tirẹ̀.

"Ẹ dá a padà fún Mummy Faridah. Ẹ mọ òfin."

"Òfin? Nítorí géètì?" Alájì fẹ́ gbé ọwọ́ sílẹ̀, Ògúntúndé kò jẹ́. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Alága ẹgbẹ́ lẹ jẹ́. Ó kan ẹ̀yin náà."

"Títí di ìgbà tí ọwọ́ yìí bá fi wálẹ̀ ni."

Ọwọ́ wálẹ̀. Ògúntúndé gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti mú ẹgbẹ́ dé ibi gíga báyìí, òun fẹ́ gbé ipò alága sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ wo ara wọn lójú. Ẹnìkan nínú wọn rọra gba ẹ̀yìn jáde, kí wọ́n má baà nawọ́ fún un.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù pé. A kó gọ́tà, a jókòó. Alájì Muideen dìde lórí àga tó lápá, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀, ó sì padà sí ìlà kejì. Ó ti ń kánjú. Ó ní ìpolongo ní Mile 12. Ní ẹ̀yìn àga náà, báńà kan tí kò sí níbẹ̀ láná ti wà lára ògiri. Wọ́n ti gé apá kan rẹ̀ kúrò, níbi tí orúkọ àti àmì ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ṣe wà. Ohun tó kù ni àwòrán, ìka, àti "A KÍ ALÁGA WA KÚ ORÍIRE".

Mummy Faridah ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe alága dìde. Ilẹ̀ la ń wò. Ọkàn kálukú wà lára tiransifọ́mà, àti ayálégbé tó ń bú èèyàn, àti fóònù tó ń dún lásìkò oúnjẹ. Láti ìlà kẹrin ni a ti gbọ́ ìró agbádá. Ògúntúndé ti dìde.

"Kò sí ẹlòmíràn?" Mummy Faridah bèèrè, ó sì dúró díẹ̀. "Ó dáa. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́."

A nawọ́. Alájì Muideen náà nawọ́.

"Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn?"

Ọwọ́ kan lọ sókè ní ìlà kẹrin, ó ga, ó sì dúró ṣinṣin. Mojísọ́lá ni. Orúkọ tọkọtaya ló wà lórí ìwé ilé wọn, ìbò rẹ̀ sì pé ìbò.

 Ògúntúndé ti dé iwájú, ó ti jókòó, ó ti gbé ọwọ́ lé apá àga náà méjèèjì. Kò wo ẹ̀yìn rárá.

"Omi ló fẹ́," ó wí fún akọ̀wé. "Ẹ fún un lómi."